Mílílítà Mẹ́wàá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìbẹ̀rù ṣe rí lára ọmọbìnrin ọdún méjìlá, ẹ wo Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ tí tíṣà ìṣirò bá gbé ìwé ìdánwò wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ á tutù, itọ́ á sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́jẹ́ kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ àgbà ló fún un lórúkọ yẹn, torí kì í sáré, kì í pariwo, bó bá sì fẹ́ bu omi nínú kóròbá, á bù ú bí ìgbà tí omi náà ń sùn tí kò fẹ́ jí i. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní kíláàsì kejì girama, kò sí èyí tó ń já a láyà tó réṣíò. Ó mọ̀wé kà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n bó bá ti di pé kó yí lítà padà sí mílílítà, kó wá sọ iye omi tó máa bá iye ọṣẹ kan lọ, orí rẹ̀ á dàrú. Kò ní mọ̀ bóyá kóun pín in ni tàbí kóun sọ ọ́ di púpọ̀. Á wá mú ọ̀kan ṣáá, bí ẹni tó di ojú mú ẹran nínú ọbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, egungun ló máa ń bá ọwọ́ rẹ̀ bọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, méjì ló gbà nínú mẹ́wàá. Tíṣà náà kò nà án, kò sì bú u. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í gbé ohùn sókè. Ohun tó sọ ló dun ọmọ náà ju ẹgba lọ.

"Ibi tó yẹ kó o ti pín, o sọ ọ́ di púpọ̀. Ibi tó yẹ kó o ti sọ ọ́ di púpọ̀, o pín in. Ṣé o máa ń rò ó kó o tó kọ ọ́, àbí bàírò ló ń bá ẹ rò ó?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà rí i pé omi ti ń yọ lójú òun.

Kí wọ́n tó lọ sílé, tíṣà fún wọn níṣẹ́. "Ẹ wá nǹkan olómi méjì nílé yín tí wọ́n kọ nǹkan sí lára. Ohun yòówù kó jẹ́. Ẹ wá sọ fún mi lọ́la: nínú mílílítà kan ṣoṣo, kí ló wà níbẹ̀? Èwo ló le ju èkejì lọ?"

Ilé wọn wà lórí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, yàrá méjì àti kíṣìnnì tóóró kan tí èèyàn méjì kò lè dúró sí kí ọ̀kan má tẹ èkejì lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ń rẹ́ pákó nísàlẹ̀, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì lókè. Bàbá rẹ̀ kì í sábà sí nílé, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà lọ sọ́nà jíjìn. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì, wọn kì í sì í dá a padà títí iṣẹ́ á fi parí. Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló ń dúró ti ọmọ kékeré. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, Ọ̀gá ni gbogbo ilé ń pè é, torí kò sí ẹni tí kì í rán níṣẹ́ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kan sọ.

Láti àná ni ara Ọ̀gá ti ń gbóná. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na apá méjèèjì sílẹ̀ gbalaja, ó ń sùn.

"Má jí i o," ni Màmá Àgbà wí láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. "Oògùn yẹn dáa jọjọ. Mo fún un nígbà tó o jáde láàárọ̀, mo tún fún un lọ́sàn-án, ara rẹ̀ ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń sùn bí ẹni tó gba ìsinmi níbi iṣẹ́."

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kan iwájú orí àbúrò rẹ̀. Kò gbóná mọ́. Ó tutù, ó sì láàgùn díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó bọ́ aṣọ ilé-ìwé, ó jẹun, ó wá jókòó sídìí iṣẹ́ tíṣà, kó lè ṣe é kí ẹ̀rù rẹ̀ tó dàgbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó gbé ọṣẹ olómi wá láti kíṣìnnì. Kò rí nǹkan kà lára rẹ̀ ju àwòrán òdòdó lọ. Ó gbé òróró. Lítà kan ni wọ́n kọ sí i, wọn ò kọ ohun mìíràn. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí pákó tí wọ́n ń to oògùn sí. Ìgò méjì wà níbẹ̀, orúkọ kan náà ló wà lára wọn. Ìgò ńlá ni wọ́n ti ń lò fún Ọ̀gá láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti ń hù, àná ló tán. Ìgò kékeré ni ìyá rẹ̀ rà bọ̀ nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kó tó jáde láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti kígbe sí Màmá Àgbà pé oògùn Ọ̀gá wà lórí pákó o, kí wọ́n fún un, bí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe ń fọn fèrè dè é nísàlẹ̀.

Lára ìgò ńlá, ohun tí wọ́n kọ ni mílígíráàmù ọgọ́fà nínú mílílítà márùn-ún. Lára ìgò kékeré, mílígíráàmù ọgọ́rùn-ún nínú mílílítà kan.

"Ọgọ́fà ju ọgọ́rùn-ún lọ," ni Jẹ́jẹ́ sọ fún ara rẹ̀. "Ti ìgò ńlá ló le jù."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá rántí pé mílílítà kan ṣoṣo ni tíṣà béèrè. Ti ìgò kékeré ti wà nílẹ̀, ọgọ́rùn-ún náà ni. Fún ti ìgò ńlá, ó mú ọgọ́fà, ó fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì rí ẹgbẹ̀ta. Ìgò ńlá ṣì ni. Ó fa ìlà sí i lábẹ́, ó fẹ́ pa ìwé dé.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ kan ìdánwò tó gbà bọ̀ lọ́sàn-án, tó fi há àárín ìwé. Ìbéèrè kẹta: wọ́n da ṣúgà ṣíbí ogún sínú ife omi márùn-ún, ṣíbí mélòó ló wà nínú ife kan? Jẹ́jẹ́ ti kọ ọgọ́rùn-ún. Tíṣà ti fi yíǹkì pupa yí i po, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Níbo ni ṣúgà yòókù ti wá?"

Ó dúró. Ó tún un rò, jẹ́jẹ́ bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan. Mílílítà márùn-ún ló jọ ní ọgọ́fà yẹn. Báwo ni ẹyọ kan nínú wọn ṣe máa wá ní ẹgbẹ̀ta? Bí ọmọ márùn-ún bá jọ pín búrẹ́dì kan, ṣé ẹnì kan nínú wọn á gbé búrẹ́dì márùn-ún lọ sílé? Ó pa ẹgbẹ̀ta rẹ́. Ó pín in. Mẹ́rìnlélógún ló rí.

Mẹ́rìnlélógún nínú mílílítà kan ti ìgò ńlá. Ọgọ́rùn-ún nínú mílílítà kan ti ìgò kékeré.

Kò mọ ìgbà tí bàírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá Àgbà," ó ní, "kí lẹ fi wọn oògùn fún Ọ̀gá?"

"Kí ni n bá fi wọ̀n ọ́n, bí kò ṣe ife rẹ̀? Ife pénpé tó wà lórí ìgò ńlá yẹn. Ó dé ojú ìlà márùn-ún gẹ́lẹ́, bí ìyá ẹ ṣe kọ́ mi. Àgbà ni mo dà, n ò tíì fọ́jú."

"Ohun tó bá ìgò kékeré wá ńkọ́?"

"Ọ̀pá onírọ́bà yẹn? Ọwọ́ Ọ̀gá ló wà, òun ló fi ń ṣeré."

Jẹ́jẹ́ wo orí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń kán oògùn sẹ́nu ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ọ̀gá. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, ohun tó lè gbà kò sì tó ìlà àkọ́kọ́ ara ife náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò lè rò pé ńṣe ló yẹ kó fò sókè kó kígbe. Ṣùgbọ́n méjì nínú mẹ́wàá ṣì wà lórí tábìlì, ó ń wò ó lójú korokoro. Ta ló máa gba òun gbọ́? Òun gan-an kò gba ara òun gbọ́. Bó bá lọ jẹ́ pé òun tún ti pín ohun tó yẹ kóun sọ di púpọ̀ ńkọ́? Á kó jìnnìjìnnì bá arúgbó lásán, wọ́n á gbé ọmọ tó ń sùn jẹ́ẹ́ lọ sílé ìwòsàn, gbogbo àdúgbò á sì fi í ṣẹ̀sín. Bó bá sì lọ jẹ́ pé òun gbà á ńkọ́?

Ó ní kóun wọ̀n ọ́n, ó ṣe tán, ohun tí ojú bá rí kì í ṣe ìṣirò. Ọgbọ̀n mílílítà ni wọ́n kọ sí ara ìgò kékeré nígbà tó kún. Ó da èyí tó kù sínú ife pénpé náà, ó dé ojú ìlà márùn-ún, ó dà á sínú ife tíì tó mọ́. Ó tún wọn òmíràn, àti òmíràn. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì kí ẹ̀kán kan má baà ṣòfò. Ife mẹ́rin ló jáde, ìgò gbẹ. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, ogún. Ogún kúrò nínú ọgbọ̀n, mẹ́wàá. Mílílítà mẹ́wàá ti wà nínú Ọ̀gá, ọgọ́rùn-ún ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹgbẹ̀rún.

Nọ́ńbà lásán ni ẹgbẹ̀rún lójú rẹ̀ títí ó fi rí páálí oògùn orúnkún Màmá Àgbà lórí pákó náà. Orúkọ kan náà tún ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára: mílígíráàmù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú kóró kan.

Ó gbé páálí náà dání, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú àga ìyá rẹ̀ àgbà.

"Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé oògùn tí Ọ̀gá mu ti pọ̀ jù."

"Pọ̀ jù báwo? Kò ju bó ṣe máa ń mu ún lọ."

"Ìgò kékeré yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo ti ṣírò ẹ̀."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. "O ti ṣírò ẹ̀. Ìṣirò tó ń lé ẹ kiri lójú orun yẹn náà ni?"

"Ẹ wò ó, Màmá." Ó tú kóró méjì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, funfun, nínípọn. "Kóró méjì yìí lẹ máa ń lò tí orúnkún bá ń dùn yín gan-an. Òun náà ni Ọ̀gá ti mu láti àárọ̀. Kóró méjì odindi."

Ẹ̀rín kúrò lójú arúgbó náà. Ó wo kóró méjì yẹn, ó wo ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà kan tó ṣi kóró kan mu kún ti tẹ́lẹ̀, ó ti sùn láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́, òun àgbàlagbà tó ti bímọ márùn-ún. Ó dìde láìwá ọ̀pá rẹ̀.

"Ọ̀gá! Ọ̀gá mi, dìde!"

Ó gbé ọmọ náà lé èjìká. Orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó la ojú díẹ̀, ó ké kínkín bí ọmọ ológbò, ó sì bì sára aṣọ ìyá àgbà. Ó tún pa ojú dé.

"Mo ti pa á," ni Màmá Àgbà wí. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òjò ti ń bọ̀. Jẹ́jẹ́ kò tíì gbọ́ ohun tó bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó pe fóònù ìyá rẹ̀. Ó dún títí, ó gé. Ó tún pè é. Ó mọ̀ pé inú àpótí kan lẹ́nu géètì ló ti ń dún, láàárín ọgọ́rùn-ún fóònù mìíràn, ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń kùn bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ó ju fóònù sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ tí kì í sáré wá sáré lọ́jọ́ náà. Ó fò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo ibẹ̀, eruku pákó ń fò.

"Ẹ gbà wá! Ọ̀gá ti mu oògùn jù!"

Káfíńtà pa ẹ̀rọ. Kò béèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ lára ìṣó tó fi kọ́ sára ògiri, ó sì gun òkè lọ gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, gègé tó fi ń sàmì sí pákó ṣì wà léti rẹ̀.

Inú ọkọ̀ náà há. Màmá Àgbà gbé Ọ̀gá lé itan, Jẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìgò méjèèjì, páálí kóró àti ife pénpé wà nínú àpò ìwé rẹ̀. Pákó tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ń ta gìrì gìrì bí wọ́n ṣe ń gba kòtò kọjá. Màmá Àgbà fi ọwọ́ sí ihò imú ọmọ náà, kò gbé e kúrò níbẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ń ṣírò. Mẹ́wàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún. Ṣé mẹ́wàá ni lóòótọ́? Bó bá jẹ́ pé ìgò yẹn kò kún nígbà tí wọ́n rà á ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ọmọ ti pọ díẹ̀ nínú rẹ̀ dànù ńkọ́? Nọ́ńbà náà ń yí lórí rẹ̀ bí ẹyin nínú omi gbígbóná, nígbà mìíràn á di ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn á di ẹgbàárùn-ún. Ó ti ń gbàdúrà fún ìdánwò ìṣirò láti ọdún tó kọjá, àdúrà kan náà ni, pé kí òun gbà á. Nínú ọkọ̀ yẹn, ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n ti ṣì í. Ẹ jẹ́ kí n gba òdo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n sanra díẹ̀, ó fi aago kékeré kọ́ àyà. Ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ Màmá Àgbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì gíga, ó ń wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì pénpé.

"Oògùn wo ló mu? Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

Màmá Àgbà wo Jẹ́jẹ́.

"Mílílítà mẹ́wàá," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Mílílítà mẹ́wàá ti èwo? Mẹ́wàá ju mẹ́wàá lọ. Gbé ìgò wá."

Jẹ́jẹ́ gbé ìgò kékeré fún un. Nọ́ọ̀sì kà á, ó tún un kà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ẹni tó bá ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára nọ́ọ̀sì kò ní gbàgbé rẹ̀.

"Ìgbà kan ṣoṣo ni, àbí ó pé méjì?"

"Méjì," ni Màmá Àgbà wí. "Ọ̀kan nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ tán. Èkejì nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Èmi ni mo fún un. Ọwọ́ mi yìí ni."

"Màmá, ẹ jókòó. A ò tíì débi ẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká wọn ọmọ ná."

Kìlógíráàmù mẹ́jọ ni Ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì kọ ẹgbẹ̀rún sórí ìwé, ó kọ mẹ́jọ sábẹ́ rẹ̀, ó fà á nílà. Jẹ́jẹ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bàírò náà. Ó fẹ́ kó rí àṣìṣe. Ó fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yí padà, kó ní, ta ló kọ́ ìwọ yìí ní ìṣirò?

"Ṣé mo ṣì í ni, Nọ́ọ̀sì?" ni Jẹ́jẹ́ béèrè.

"O ò ṣì í," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì ti ń pe dókítà.

Jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ó wo ìwé náà, ó tẹ ikùn ọmọ, ó gbọ́ àyà rẹ̀. "Mílígíráàmù márùndínláàádóje fún kìlógíráàmù kan," ó ní. "Kò tíì dé ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rù jù, ṣùgbọ́n ó ti ń rí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni oògùn yìí máa ń bá jà, ẹ̀dọ̀ kì í sì í tètè ké. A máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí oògùn ọ̀sán yẹn ti wọlé tán, kí èsì tá a máa rí lè jẹ́ òtítọ́."

Ìdúró yẹn ni ẹ̀rù gan-an. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ohun tí wọ́n máa ṣe wà. Ní báyìí, kò sí nǹkan kan. Wọ́n kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi gígùn kan, òórùn oògùn apakòkòrò ń ta wọ́n nímú. Káfíńtà jókòó tì wọ́n, ó ń yọ eruku pákó kúrò ní èékánná. Nígbà gbogbo tí ẹsẹ̀ bàtà bá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Àgbà á dìde díẹ̀, á tún jókòó.

"Ṣé o rí i," ó sọ fún Jẹ́jẹ́ láìwò ó, "ọmọ tí mo bá tọ́, wọn ò ní sọ pé mo tọ́ ọ. Èyí tí mo bá pa ni wọ́n máa sọ."

"Kò tíì kú, Màmá Àgbà."

"Mo mọ̀. Ẹnu mi ló ń bẹ̀rù."

Ìyá wọn dé bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀. Ó ti gba fóònù rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ti rí i pé ilé pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti pe káfíńtà lórí fóònù, ẹni tó sọ fún un níbi tí wọ́n wà. Ó wọlé pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́, òwú pupa àti búlúù lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ kiri. Ó kọjá lára wọn láìkí ẹnikẹ́ni, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àyà rẹ̀, ó gbọ́ pé ó ń mí. Ìgbà náà ló tó padà wá.

Màmá Àgbà dìde. "Èmi ni. Mo fi ife ti tẹ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n."

"Èmi ni mo rà á," ni ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹni tó tà á fún mi sọ fún mi pé kí n lo ọ̀pá rẹ̀, kì í ṣe ife. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Àárọ̀ ni mo wá ń kígbe láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì..."

"Má gba ẹ̀bi mi lọ́wọ́ mi."

"Màmá, tèmi ni."

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni káfíńtà wí pẹ̀lú sùúrù, "ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí ọmọ yìí jí ná. Bó bá jí, a ó wá pín ẹ̀bi náà sọ́nà mẹ́ta, èmi náà á gbé díẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Ìyá Jẹ́jẹ́ fa Jẹ́jẹ́ mọ́ra, ó sì dì í mú débi tí bọ́tìnnì épírọ́ọ̀nù fi wọ ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò béèrè bó ṣe mọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ló tó béèrè.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá ké nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, ó ké dáadáa, igbe náà sì dùn mọ́ wọn nínú bí orin. Lẹ́yìn náà ó tún sùn. Wọ́n dúró. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn. Nígbà tí dókítà jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, Jẹ́jẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀. Ìwé náà ló ń wò, bó ṣe máa ń wo ìwé ìdánwò, bóyá pupa wà níbẹ̀.

"Ó wà nísàlẹ̀ ibi tá à ń bẹ̀rù," ni dókítà wí. "Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àmọ́ ó máa sùn lọ́dọ̀ wa, a sì máa tún ẹ̀jẹ̀ náà wò lọ́la kí n tó dá a padà fún yín. Ká ní wọ́n tún fún un ní ìkẹta nírọ̀lẹ́ yìí ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Ìkẹta. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé Màmá Àgbà ti máa ń fún un ní ìkẹta tí ìyá àwọn bá kù díẹ̀ kó dé. Ó wo ìyá rẹ̀ àgbà, ojú wọn pàdé, àwọn méjèèjì sì yára wo ibòmíràn.

Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kejì dára. Ọ̀gá jí pẹ̀lú ebi, ó gbá aago àyà nọ́ọ̀sì mú, ó sì fẹ́ jẹ ẹ́. Wọ́n gbé e lọ sílé nínú ọkọ̀ káfíńtà kan náà, nọ́ọ̀sì sì fún wọn ní síríǹjì kan tí kò ní abẹ́rẹ́, tí ìlà ara rẹ̀ dúdú tó sì hàn kedere.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Jẹ́jẹ́ di olórí kíláàsì. Mẹ́fà ló gbà nínú ìdánwò tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù bí tíṣà ṣe wọlé. Ẹ̀rù náà kò lọ, ó kàn yí padà ni. Tẹ́lẹ̀, yíǹkì pupa ló ń bẹ̀rù. Nísinsìnyí, bó bá rí "mílílítà márùn-ún" níbikíbi, ì báà jẹ́ lára ìgò ọṣẹ, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ já, kó tó wá máa kà á lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa ń dìde lórí iṣẹ́ rẹ̀ láti lọ wo àyà àbúrò rẹ̀, bóyá ó ń lọ sókè sódò.

Nígbà tí eyín mìíràn tún gbé ara Ọ̀gá gbóná, Màmá Àgbà kọ̀ láti fọwọ́ kan oògùn. Ìyá Jẹ́jẹ́ ló fa oògùn sínú síríǹjì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Jẹ́jẹ́ ka ìlà náà síta. Màmá Àgbà wọ awò ojú, ó gba síríǹjì, ó kà á fúnra rẹ̀ pẹ̀lú orí èékánná, ó dá a padà, ó tún gbà á, ó tún kà á.

"Ó pé," ó ní níkẹyìn. "Ẹ fún un."

Ọ̀gá ti la ẹnu sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kà á, ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ó dì í mọ́ ẹnu díẹ̀, ó wo ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sí Màmá Àgbà láyà.